Bátànì Kékeré Tó Ń Kún Ojú Kọ̀ǹpútà

Òṣogbo ni wọ́n ń pè ní ìlú aró. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ dáadáa kò ní pẹ́ lóye iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe bátànì sínú kọ̀ǹpútà. Aládìrẹ á pín aṣọ sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin, á fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí i, kó tó rẹ ẹ́ sínú aró. Lójú bátànì àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, òpó gbọ̀ngán Mápó ní Ìbàdàn ló máa ń yọ. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n tún ń gé bátànì sára páànù, wọ́n á máa ṣí i kiri títí aṣọ yóò fi kún.

Iṣẹ́ páànù yẹn gan-an ni búrọ́ọ̀ṣì kọ̀ǹpútà ń ṣe: ó ń tẹ́ bátànì kékeré kan léraléra títí àyè yóò fi kún.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà Macintosh jáde ní 1984, bátànì inú QuickDraw, ètò tó ń ya àwòrán sójú rẹ̀, tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Bill Atkinson, kò ju píksẹ́lì 8 lọ́nà 8 lọ: ẹyọ 64 péré, dúdú tàbí funfun. Síbẹ̀, bíríkì yọ níbẹ̀, ìpẹ́ ẹja náà yọ! Windows 95 pàápàá kò gba búrọ́ọ̀ṣì oníbátànì tó ju ìwọ̀n yẹn lọ.

Etí bátànì ló yẹ fún ìyìn jù. Ìlà tó jáde lápá ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá èyí tó wọlé lápá òsì mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú ìpàdé á hàn. Ní Windows, àṣẹ CreatePatternBrush ló ń sọ àwòrán di búrọ́ọ̀ṣì; SetBrushOrgEx ló ń yan ibi tí títẹ́ rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí bátànì àpótí méjì tó fara kanra má baà já.