Tọkọtaya Lórí Ẹyin

Ní Ìlúpéjú, níbi tí ilé ti fún mọ́ ilé, àpótí pákó kan lábẹ́ òrùlé ti tó fún tọkọtaya ẹyẹlé láti tọ́mọ.

Ẹyin méjì ni abo sábà máa ń yé. Akọ á sàba lọ́sàn-án, abo á gbà á lóru. Ní nǹkan bí ọjọ́ 18, ẹyin á pa.

Ibi tó wuni jù nìyí: àtakọ àtabo ló ń pọ oúnjẹ ṣíṣù bíi wàrà láti inú àpò ọrùn wọn sí ọmọ lẹ́nu. Adìẹ ò mọ irú ẹ̀! Ọlọ́sìn tó mọṣẹ́ kì í tọwọ́ bọ ìtẹ́ ṣáá. Àgbàdo, ọkà bàbà àti omi tó mọ́ ló ń bójú tó. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún, ọmọ á fò, ìyá ẹ̀ sì lè ti yé ẹyin míì.