Bí Agbẹ́gilére Kò Bá Bi Wá Ńkọ́?

Bí ènìyàn bá kọjá níbi tí àwọn obìnrin gbé ń dirun, "Ojú gbooro o" ni yóò wí. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè. Síbẹ̀ ó ti dárúkọ ohun tí a fi ń mọ irun tí a dì dáadáa, àdúrà ni ó sì fi ṣe. Èmi kò tí ì rí ọ̀nà tí ó yẹni jù èyí lọ láti dá sí iṣẹ́ oníṣẹ́.

Àwọn kan láàárín wa ní kí a máa panu mọ́ títí a ó fi bi wá. N kò bá wọn lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó ń yènà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ń wọ́. Ẹlòmíràn ni yóò wí fún un. Ohun tí kò dára ni pé a kì í wo ibi tí iṣẹ́ dé kí a tó lahùn.

Ẹ wo igi gbígbẹ́. Ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére Èkìtì ń kà, irú àwọn tí Àlùfáà Kevin Carroll bá ṣiṣẹ́ ní Ọyẹ́ láti 1947: ọnà lílé, alétúnlé, dídán, fínfín. Nígbà ọnà lílé, àáké ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya orí, ara àti ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ lára ìtì igi ni. Ẹni tí ó bá rí i pé èjìká fẹ́ tín-ín-rín jù, ìgbà náà ni kí ó wí. Bí ó bá dúró di ìgbà tí ọ̀bẹ ti ń fín irun orí ère, kí ni ó fẹ́ kí onítọ̀hún ṣe? Igi tí a ti gbẹ́ kúrò kò ṣe é lẹ̀ padà. (Akéwì lè pa ìlà rẹ́ kí ó sì tún un kọ lóru ọjọ́ náà, nítorí náà, ẹ má ṣàánú àwọn akéwì púpọ̀.)

Níbi àfihàn iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, gbólóhùn kan kì í wọ́n: "Orí ère yìí mà tóbi jù o!" Bẹ́ẹ̀ ni nínú ère ilẹ̀ Yorùbá, orí a máa tó ìdá mẹ́rin gíga gbogbo ara, nígbà mìíràn ìdá mẹ́ta. Àwọn baba wa mọ bí orí ènìyàn ti tó. Ipò tí orí wà ni wọ́n fi hàn. Kí a kọ́kọ́ bi agbẹ́gilére ní ohun tí ó ní lọ́kàn. Bí ó bá ní àwòrán ọ̀gá òun gan-an ni òun ń wá, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wa bọ́ sí i.

Lẹ́yìn 1960 ni Robert Farris Thompson, ará Amẹ́ríkà, ń bi àwọn ènìyàn wa léèrè bí wọ́n ti ń dá ère lẹ́jọ́; ó tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1973. Lára ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ ni jíjọra, èyí tí kò jọ ènìyàn jù tí kò sì jìnnà sí i jù, ìfarahàn, gígún, dídán. Gbogbo wọn ni a lè fi ìka tọ́ka sí lára igi. "Etí òsì kò fara hàn tó": agbẹ́gilére lè mú èyí lọ sídìí ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n "Kò wù mí" kò ràn án lọ́wọ́. "Ó dára" tí a sọ kí a lè tètè kọjá burú ju ìyẹn lọ lójú tèmi, nítorí ẹni tí ó sọ ọ́ kò tilẹ̀ wo ère náà.

Bí oníbàárà bá sì dúró tì í, tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kí i kú iṣẹ́, kí ẹ máa lọ. Ti etí òsì lè dúró di ọ̀la.