Ogun Tó Wà Nínú Iwájú

Iwájú jẹ́ eré kàtúùnù alápá mẹ́fà tí Disney+ gbé jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2024. Ilé-iṣẹ́ Kugali, tí Olufikayo Ziki Adeola, Tolu Olowofoyeku àti Hamid Ibrahim ọmọ Uganda dá sílẹ̀, ló pilẹ̀ ìtàn náà; Adeola ló darí rẹ̀. Èkó ọjọ́ iwájú ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Tola, ọmọ ọlọ́rọ̀, ń gbé ní Island; Kole, ọmọkùnrin tó fúnra rẹ̀ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ń ti Mainland wá ṣiṣẹ́ ọgbà nílé wọn. Kò sí ọba tó ń bá ọba jà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kéde ogun. Síbẹ̀, bí Bode, ọ̀gá àwọn ajínigbé, ti ń dẹ pańpẹ́ de Tola, bẹ́ẹ̀ ni eré náà ń di ìtàn ogun, ogun gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe mọ̀ ọ́n.

Nínú èdè Yorùbá, ogun kọjá kí ọmọ ogun pàdé lójú ìjà. “Ogun kó o” ni à ń wí nípa ẹni tí wọ́n mú nílé baba rẹ̀ lọ. Lọ́dún 1821, ogun wọ Òṣogùn, ó sì kó ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lọ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1822. Òun ló padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ènìyàn ni èrè ogun ìgbà náà: wọ́n á ta òmíràn, wọ́n á mú òmíràn sìn, ẹbí òmíràn á sì wá owó ìràpadà kiri. Òwò Bode kò yàtọ̀ sí èyí. Awò ojú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lò máa ń fi iye tí owó ẹni tí wọ́n bá wò tó hàn wọ́n. Nínú gbogbo ẹ̀rọ tí eré náà dá, kò sí èyí tó bani lẹ́rù tó o, nítorí pé ó sọ títì gbangba di ọjà ẹrú láìsí ẹ̀wọ̀n lọ́rùn ẹnikẹ́ni.

Eré náà yí padà sí ìgbà èwe Bode, ìgbà tí òun náà jẹ́ ọmọ tálákà, ibẹ̀ ló sì ti dára jù. Femi Branch ló fọ ohùn Bode, ó sì mú kí ènìyàn gbàgbọ́ pé ẹni tí ìyà ti jẹ rí ló ń sọ̀rọ̀. Bí àwọn ológun Ìbàdàn ṣe máa ń kó ọ̀dọ́ jọ, tí wọ́n á bọ́ wọn, tí wọ́n á sì fi wọ́n ṣe ọmọ ogun, bẹ́ẹ̀ ni Bode ṣe ń ṣe. Kole ni ó wá mú lọ́ranyàn láti fi Tola ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Kole yìí ló jinlẹ̀ jù nínú eré náà: kì í ṣe ọmọ burúkú, ẹni tó lágbára jù ú lọ ló há a mọ́. Ìtàn ti rí irú rẹ̀. Ògèdèǹgbé ará Iléṣà àti Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí mọ ogun lọ́dọ̀ àwọn ará Ìbàdàn. Àwọn náà ló padà ṣáájú Èkìtì Parapọ̀ kojú Ìbàdàn nínú ogun Kírìjí, tó jà láti 1877 sí 1893. Nígbà tí Kole kẹ̀yìn sí Bode, ọgbọ́n tí Bode fẹ́ fi ṣe ibi ló lò.

Shingeki no Kyojin, eré kàtúùnù tó wá láti inú iṣẹ́ Hajime Isayama ará Japan, tí wọ́n fi hàn láti 2013 sí 2023, tọ ọ̀nà tó jọ èyí, ṣùgbọ́n ó fara balẹ̀ jù ú lọ. Fún ìgbà pípẹ́, inú odi ìlú ni òǹwòran wà pẹ̀lú àwọn tó ń jà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, eré náà rékọjá òkun sí Marley, ilẹ̀ àwọn ọ̀tá, ó sì dúró lọ́dọ̀ Gabi àti Falco, àwọn ọmọdé tí wọ́n ń kọ́ ní ogun jíjà. Ìgbà tí ogun dé sórí àwọn ọmọ náà, òǹwòran kò mọ ẹni tí yóò pè ní ọ̀tá mọ́.

Ọ̀sà tó wà láàárín Island àti Mainland ni odi ti Iwájú. Eré náà ń gba orí rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ ní òdì kejì. Òótọ́ ni pé apá mẹ́fà péré kéré, síbẹ̀ Mainland ló san gbèsè rẹ̀: èrò, ọjà àti ibùba ọ̀daràn ni ojú ń rí jù níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1955 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín Èkó, tí wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Surulere. Àwọn kan nínú ará Mainland jẹ́ ọmọ Island tí wọ́n ṣí nípò. Títí di òní, àgbà kan ní Mushin tó bá fẹ́ gun afárá á ní Èkó lòun ń lọ, bí ẹni pé Mushin kì í ṣe Èkó. Ọmọ bíi Kole kò sì ṣàjèjì ní Yaba, níbi tí Co-Creation Hub ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà jọ láti 2011. Ká ní apá kan odindi wáyé nínú àgbàlá kan ní Mainland, pẹ̀lú àwọn aládùúgbò tó mọ orúkọ Kole, ìwà ọ̀dàlẹ̀ rẹ̀ ì bá wúwo lọ́kàn ju báyìí lọ.

Lẹ́yìn tí Bode jí Tola gbé, ìdásílẹ̀ rẹ̀ dé kíákíá. Otin, alángbá róbọ́ọ̀tì tí Tunde bàbá Tola ṣe láti máa ṣọ́ ọmọ rẹ̀, kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Ìjà náà dùn wò, àwọ̀ rẹ̀ sì tàn. Ṣùgbọ́n agbára ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ohun tí Kole ṣe mọ́lẹ̀, ìyẹn pípadà tí ọmọ náà padà sẹ́yìn Tola nígbà tí ẹ̀rù Bode ṣì wà lára rẹ̀.