Òjò Dídì Tí A Fi Ọkọ̀ Kó

Ẹni tí a bí sí etí ọ̀sà ní Èjìnrìn kò ní ohun tí ó pa á pọ̀ mọ́ òjò dídì, àfi èyí tí ó bá kà nínú Bíbélì. Síbẹ̀, ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń wo eré síkì tí àwọn Òyìnbó ń sá ní àárín ìlú lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, mo sì rò pé ó tọ́ kí á ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ bí a ti ń ṣe lámèyítọ́ ewì tàbí eré orí ìtàgé.

Inú igbó àti orí òkè ni eré yìí ti ṣẹ̀. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì ni ẹni tí ń sá a dè mọ́ ẹsẹ̀, ọ̀pá méjì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ń sá 50 kìlómítà lè lò ju wákàtí méjì lọ, igi nìkan ni yóò sì máa wò ó fún ọ̀pọ̀ nínú àkókò náà. Eré kúkúrú, èyí tí ó wọ inú ìdíje Òlíńpíìkì ní 2002, yàtọ̀ sí èyí. Kò tó kìlómítà méjì. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ó ń gbà. Olúkúlùkù yóò kọ́kọ́ dá sá tirẹ̀ kí a lè ka àkókò rẹ̀, a ó mú 30 tí ó yá jù, wọn yóò wá máa sá a ní mẹ́fà mẹ́fà títí yóò fi ku mẹ́fà péré. Eré tí ó kúrú tó bẹ́ẹ̀ ṣe é gbé wá sí ìgboro.

Düsseldorf ní Jámánì gba àlejò rẹ̀ ní etí odò Rhine láti 2002 títí di 2011. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi ń kó òjò dídì wá dà sí ojú títì. N kò fẹ́ràn ti Düsseldorf. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, ibi tí wọ́n bá ti lọ ni wọ́n tún ń yí padà sí, ìlú náà kò sì ju aṣọ tí a ta sí ẹ̀yìn òṣèré lọ. Drammen ní Norway ni ó wù mí. Láàárín ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì Bragernes, títì fúnra rẹ̀ ń gun òkè, nítorí náà ìlú pẹ̀lú ń bá wọn díje. Níbẹ̀ ni àwọn alágbára ti pa fífi ẹsẹ̀ tálẹ̀ tì, tí ó jẹ́ pé ọ̀pá àti apá nìkan ni wọ́n fi ń gòkè. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i. Bí àwọn baba wa ti ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ níbi tí ọ̀sà kò bá jìn nìyẹn: ọ̀pá a kanlẹ̀, àyà a tẹ̀, ọkọ̀ a yọ̀ síwájú.

Àwọn kan ń sọ pé bíba eré jẹ́ ni kí á gbé e kúrò ní ilé rẹ̀. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí, kí n tó rántí ọjà wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Èjìnrìn jẹ́ ẹnu ọ̀nà láàárín Ìjẹ̀bú àti Èkó, ọkọ̀ ojú omi ni ó sì ń kó ẹrù lọ tí ó ń kó ẹrù bọ̀. Ní 1901 a ṣí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ọ̀nà mọ́tò dé, ọjà sì tẹ̀lé àwọn oníbàárà. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọjà dẹ́ṣẹ̀. Ìlú tí ó fi sílẹ̀ ni ó san gbèsè rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ béèrè nìyí: kí ni ó kù ní ilé lẹ́yìn tí a gbé eré lọ? Ti síkì kò burú. Eré 50 kìlómítà ṣì wà nínú igbó Holmenkollen, ìgboro kò pa á. Ìgboro tilẹ̀ jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn rí i. Samuel Ikpefan, tí a bí ní Faransé, tí ilẹ̀ baba rẹ̀ kò ní òjò dídì, sá eré kúkúrú yìí fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì 2022 ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ipò 73 ni ó wà, kò sì dé àárín àwọn 30. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín; ojú mi kò kúrò lára apá rẹ̀.

Tiwa ni ó ń kọ mí lóminú. Ní 1977, nígbà FESTAC, a gbé eré ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó fún àwọn àlejò, ó sì dùn-ún wò. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti máa ń pe irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá tún fẹ́ pè é, n kò ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó na àgọ́ fún àwọn ọlọ́lá, kí wọ́n wá sí èbúté Èjìnrìn, kí wọ́n ka iye ọmọdékùnrin tí ó ṣì mọ ọ̀pá tì.