Ìyálóde Láàrin Ìtàn àti Ìtàgé: Àtúnyẹ̀wò Ẹfúnṣetán Aníwúrà

Ìfáàrà
Eré-oníṣe Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó ń jẹ́ Ẹfúnṣetán Aníwúrà gba ẹ̀bùn nínú ìdíje Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá ní 1966, ó sì jáde ní ìwé ní 1970. Ẹ̀kọ́ tí a sábà máa ń fà yọ nínú rẹ̀ ni pé ìkà kò pé. Iṣẹ́ yìí fi ojú ìṣègbèfábo wò ó. Èrò wa ni pé eré náà sọ ìjà òṣèlú di ọ̀rọ̀ àìlọ́mọ, ìyẹn sì kan ọwọ́ tí àwùjọ wa fi ń mú obìnrin tó bá dé ipò àṣẹ.

Ẹfúnṣetán nínú ìtàn Ìbàdàn
Ìyálóde kì í ṣe oyè ọ̀ṣọ́ lásán ní Ìbàdàn. Òun ni ẹnu àwọn obìnrin nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Oníṣòwò ńlá ni Ẹfúnṣetán, ó sì máa ń ta ohun ìjà láwìn fún àwọn olóyè ogun. Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, to ẹ̀sùn mẹ́ta tí Ààrẹ Látòsà fi kàn án lẹ́sẹẹsẹ: kò bá a lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun, kò sì fúnra rẹ̀ jáde lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi nígbà tó dé. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè ní oṣù karùn-ún 1874. Kí oṣù kẹfà tó parí, wọ́n ti lo àwọn ẹrú rẹ̀ láti pa á nínú ilé rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ọmọ nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹfúnṣetán lórí ìtàgé
Nínú eré, ikú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló yí Ẹfúnṣetán padà. Ó fòfin de oyún láàrin àwọn ẹrú rẹ̀, ó sì pa Adétutù tòun ti oyún inú rẹ̀. Látòsà wá di olùgbàlà. Ìyípadà tó jinlẹ̀ jù ni ti ikú: májèlé ni Ìyálóde fi pa ara rẹ̀ lórí ìtàgé. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lọ́wọ́ aláṣẹ nínú ìtàn ti wá di ẹ̀jẹ̀ ọrùn ara rẹ̀.

Lóòótọ́, eré-oníṣe kì í ṣe ìwé ìtàn. A kò sì gbọdọ̀ sọ Ẹfúnṣetán di ẹni mímọ́, nítorí ẹrú wà lára ọrọ̀ rẹ̀. Ohùn tí òǹkọ̀wé fún Adétutù àti Ìtáwuyì jẹ́ ọlá fún eré náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin olórí ogun náà kó ẹrú jọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ti obìnrin nìkan ni a wá ìdí rẹ̀ lọ sínú ilé-ọmọ?

Ìbéèrè náà kò tíì kúrò nílẹ̀. Bí obìnrin bá jáde du ipò, kí a tó bi í léèrè ètò rẹ̀ fún ìlú, a ti ń bèèrè ọkọ àti ọmọ rẹ̀. Ní 2011, ìbò kan ṣoṣo ni Sarah Jubril ní nínú ìdíje abẹ́lé ẹgbẹ́ PDP fún ipò ààrẹ. Ní 1 Mars 2022, ilé aṣòfin àpapọ̀ da àbá òfin tí ì bá fi kún ìjókòó àwọn obìnrin nù. Títí di òní, a kò tíì dìbò yan obìnrin sípò gómìnà ní Nàìjíríà.

Ìgúnlẹ̀
Kí olùkọ́ má ṣe pa ìwé yìí tì. Ọnà rẹ̀ pegedé. Kí ó gbé ẹ̀sùn mẹ́ta Látòsà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eré náà, kí ó sì bi akẹ́kọ̀ọ́ pé ta ni ikú Ìyálóde ṣe láǹfààní. Yorùbá ní bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí ìjà òṣèlú tó wà lẹ́yìn ìtàn ìkà yìí kò ní tètè pe gbogbo obìnrin alágbára ní ìkà.