Ọ̀fẹ́ Tí Kò Dé Jẹ́lé-ó-sinmi: Àríwísí lórí Òfin UBE àti Ẹ̀kọ́ Ọmọ Mẹ̀kúnnù

Ìfáárà

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òye yìí ló wà nídìí bí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ nínú òfin UBE ti ọdún 2004. Ìgbésẹ̀ ńlá ni. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó wà fún. Jẹ́lé-ó-sinmi wà lọ́wọ́ aládàáni. Ọmọ olówó ń lọ síbẹ̀. Ọmọ mẹ̀kúnnù ń bá ìyá rẹ̀ jókòó nídìí àtẹ.

Ohun tí òfin sọ àti ohun tí kò sọ

Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka òfin náà yóò rí àléébù kan. Ibi tí òfin ti túmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ó dárúkọ ọmọ kékeré. Ṣùgbọ́n níbi tó ti sọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ di dandan fún ìjọba, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọmọ ìpele kékeré ní girama nìkan ló dárúkọ. Lọ́rọ̀ kan, òfin sọ ọmọ kékeré lórúkọ, kò pín ogún fún un. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2013 gbìyànjú láti dí àlàfo yìí. Ó fi ọdún kan fún ọmọ ọdún 5 kún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Síbẹ̀, ìlànà kò lágbára òfin, ọmọ ọdún 3 àti 4 kò sì sí nínú ọdún kan náà.

Ọ̀rọ̀ èdè

Owó nìkan kọ́ ló ń dí ọmọ mẹ̀kúnnù lọ́nà. Ìlànà ti ọdún 2004 fẹ́ kí èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò jẹ́ èdè ìkọ́ni ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà èdè ti ọdún 2022, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò jẹ́ èdè ìkọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ìdí tó fún un ni pé àwọn ọmọ tí a fi èdè abínibí kọ́ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Àwíjàre yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nínú iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fafunwa darí ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970, èdè Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 6. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ olówó ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé kó tó dé kíláàsì. Èdè ìyá rẹ̀ nìkan ni ọmọ tálákà mú wá. Bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kíláàsì ọ̀fẹ́ náà di ti ẹni tó ti ní tẹ́lẹ̀.

Ìkádìí

Ó yẹ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ dárúkọ ọmọ kékeré níbi tí òfin ti sọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ di dandan, kí èdè abínibí sì padà sí kíláàsì rẹ̀. Kí àwọn kọ́lẹ́jì ẹ̀kọ́ má sì dẹ́kun láti kọ́ olùkọ́ ọmọ kékeré bí a ṣe ń fi Yorùbá kọ́ni. Bí òfin bá yí padà tí olùkọ́ tó lè ṣe é kò sí, ìyípadà náà kò ní dé ọ̀dọ̀ ọmọ.