Ẹni Tó Ń Kó Àwo Orin Jọ, Ẹ̀rí Ló Ń Tọ́jú

Bí ènìyàn bá sọ nílùú Kíṣí pé àwo orin jáàsì àti ti sóòlù ni òun ń kó jọ, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ ni pé kí ni ọmọ Òkè-Ògùn ń wá nínú orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ìbéèrè náà kò burú, ó sì tọ́ ká dá a lóhùn lọ́nà tó yè kooro. Èmi tí mo yan iṣẹ́ yìí láàyò gbà pé àwo orin ju ohun ìgbádùn lọ, ẹ̀rí ni. Ohùn wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ orúkọ ẹni tó lu ìlù, orúkọ ẹni tó fọn fèrè, ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, àti àwòrán tí wọ́n fi bò ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá to àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí léra, wọ́n á sọ ìtàn kan tó kan àwa gan-an: pé ìlù ilẹ̀ Yorùbá ní ọwọ́ nínú orin tí gbogbo ayé ń pè ní ti Amẹ́ríkà, pé orin náà sì padà wá bá wa nílé, ó sì tún orin tiwa ṣe. Wọ́n ní ẹni tó sọ ilé nù, ó so àpò ìyà kọ́. Ẹni tó ń kó àwo jáàsì jọ ní Kíṣí kò sọ ilé nù rárá. Iṣẹ́ òpìtàn ló ń ṣe, ilé gan-an ló sì ń wá lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a dúró sí. Kíṣí ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀, Ìbà ló sì ń jọba níbẹ̀. Ìgbòho, tí àwọn Aláàfin fi ṣe olú ìlú nígbà tí ogun Núpé lé wọn kúrò nílé, kò jìnnà sí wa. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ wà nínú igbó tí ìjọba àpapọ̀ ń tọ́jú ní agbègbè wa. Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́-Ilé ká láàárín ọdún 1830 sí 1840, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, wọ́n sì tún ń kó wọn lọ lẹ́yìn náà. Àwọn ẹrú wọ̀nyí kò gbàgbé Ṣàngó, wọn kò sì gbàgbé bàtá rẹ̀. Títí di òní, bàtá ni wọ́n ń lù fún òrìṣà láàárín àwọn Lúkúmí, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọmọ Yorùbá ní Kúbà. Ní ọdún 1947, Chano Pozo, onílù láti Havana tó dàgbà láàárín àwọn tó ń lu irú ìlù bẹ́ẹ̀, wọ inú ẹgbẹ́ olórin jáàsì ti Dizzy Gillespie ní New York, wọ́n sì gba orin "Manteca" sílẹ̀ ní òpin ọdún náà. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé ọmọ Ọ̀yọ́ ló dá jáàsì sílẹ̀. New Orleans ni wọ́n ti bí i, orin ìsìn, orin àwọn òṣìṣẹ́ oko òwú àti fèrè àwọn ológun ló para pọ̀ bí i, àwọn tí wọ́n kó láti Senegal àti Kóńgò sì ní ipa ńlá níbẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ipa tiwa náà wà nínú àkọsílẹ̀, àwo orin sì ni ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ẹ wo Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, tó lọ kàwé ní Morehouse College nílùú Atlanta ní ọdún 1950. Ní 1960, ilé iṣẹ́ Columbia gbé àwo rẹ̀, Drums of Passion, jáde. Orin kan nínú àwo náà, "Jin-Go-Lo-Ba", ni ẹgbẹ́ Santana tún kọ ní 1969 tí aráyé fi mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kìíní ọdún 1962, Art Blakey, tí í ṣe àgbà láàárín àwọn onílù jáàsì, kó àwọn onílù jọ sí sítúdíò fún ilé iṣẹ́ Blue Note, Solomon Ìlọ̀rí, ọmọ Nàìjíríà, sì wà láàárín wọn. Àwo tí wọ́n ṣe ni The African Beat. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé e: àdúrà Ìlọ̀rí ló ṣáájú gbogbo orin. Ẹ yí páálí rẹ̀ sẹ́yìn: "Ife L'Ayo" àti "Tobi Ilu" wà lára àkọlé tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, lórí ọjà tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà fún ará Amẹ́ríkà láti rà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Blue Note gbé African High Life jáde lórúkọ Ìlọ̀rí fúnra rẹ̀. John Coltrane pẹ̀lú, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ọ̀gá pátápátá nídìí fèrè sáksófóònù, sọ orin kan lórúkọ Olatunji, ó pè é ní "Tunji". Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1967, ó fọn fèrè ní gbọ̀ngàn àṣà Áfíríkà tí Olatunji dá sílẹ̀ ní Harlem. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tó fi kú. Ohùn ọjọ́ yẹn wà lórí àwo, ẹni tó bá fẹ́ lè gbọ́ ọ.

Apá kan ìtàn nìyẹn. Apá kejì ni bí orin náà ṣe padà wálé. Lẹ́yìn ọdún 1960, àwo James Brown àti Otis Redding, àwọn akọrin sóòlù Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Èkó àti Ìbàdàn. Geraldo Pino, ọmọ Sierra Leone, kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, ó ń kọrin sóòlù lójú agbo, àwọn olórin háílàìfù sì rí i pé ayé ti ń yí. Ní 1966, ilé iṣẹ́ Philips gbé Super Afro Soul ti Orlando Julius jáde. Lórí àwo kan ṣoṣo yìí, "My Girl" tí àwọn Temptations kọ ní Detroit wà níbẹ̀, "Ijo Soul" náà wà níbẹ̀: fèrè ń ké bí ti àwọn ará Amẹ́ríkà, gìtá àti ìlù ń rìn bí háílàìfù, ohùn Yorùbá sì ń gun orí wọn. Fela pẹ̀lú, jáàsì ló kọ́kọ́ gbé lé àyà nígbà tó ti London dé ní 1963. Tony Allen tó ń lu ìlù fún un sọ pé àwo Art Blakey àti ti Max Roach wà lára olùkọ́ òun. Ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Blakey tó bá Ìlọ̀rí lu ìlù ní 1962 ni àwo rẹ̀ ń kọ́ ọmọ Èkó ní ìlù lílù, ọmọ Èkó yẹn ló sì bá Fela gbé Afrobeat dìde. Nígbà tí James Brown wá sí Nàìjíríà ní ìparí ọdún 1970, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo Fela lójú agbo, Bootsy Collins tó ń ta gìtá béèsì fún un kò sì yé sọ ọ́ títí di òní bí orin náà ṣe mú òun tó. Ọmọ tó rìn jìnnà ti padà dé, àwọn ará ibi tó rìn dé sì ti tẹ̀ lé e wálé.

Àwọn kan á wá ní: fóònù ti gbé gbogbo orin ayé sí àtẹ́lẹwọ́ wa, kí ni ènìyàn tún ń fi àwo ṣe? N kò bá fóònù ṣọ̀tá. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orin lásán, ó tó o. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ orin, kò tó o. Fóònù kì í sábà sọ orúkọ ẹni tó lu ìlù fún wa. Kì í sì í jẹ́ ká mọ̀ pé àwo ló ń pinnu bí orin ṣe máa gùn tó. Nígbà tí Haruna Ìṣọ̀lá kọ́kọ́ gba orin sílẹ̀ ní 1948, àwo 78, tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ló wà, ojú kan kò sì gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, gbogbo oríkì tí àpàlà lè fi odindi òru kì ní láti fún ara rẹ̀ pọ̀ síbẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n mú àwo ńlá tó ń yí ní 33⅓ jáde ní Amẹ́ríkà. Ojú kan rẹ̀ gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, nígbà tó sì dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ọ̀gá àpàlà àti jùjú bẹ̀rẹ̀ sí í so orin mọ́ orin láìdánu dúró títí ojú àwo fi tán. Fela gba ojú kan látòkèdélẹ̀ fún "Zombie", ó fi ojú kejì sílẹ̀ fún "Mister Follow Follow". Páálí pẹ̀lú lọ́rọ̀ í sọ. Lemi Ghariokwu ya èyí tó lé ní 20 fún Fela, ohun tó sì yà sí wọn pọ̀ débi pé ènìyàn lè jókòó kà á bí ìwé ìròyìn, àmọ́ lórí fóònù kò ju èékánná lọ. Lékè gbogbo rẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 2000 tí àwọn ilé iṣẹ́ bíi Strut àti Soundway ní London ti ń tún orin àtijọ́ Nàìjíríà gbé jáde, ara àwo tí àwọn ènìyàn tọ́jú ni wọ́n ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí téèpù tí wọ́n kọ́kọ́ fi gbà á ti sọnù tàbí ó ti bàjẹ́. Púpọ̀ nínú orin àtijọ́ tó wà lórí fóònù lónìí, ọwọ́ ẹni tó tọ́jú àwo ló ti wá.

Iṣẹ́ yìí ní ẹ̀kọ́, kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ yòókù. Kí a tó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, ojú la kọ́kọ́ fi ń kà á. A ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, a ó dà á gẹ́rẹ́. Ibi tí ìlà rẹ̀ bá ti ṣú eérú níbi tó yẹ kó máa dán, abẹ́rẹ́ tó ti gbó ló ti jẹ ẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó wo ibi tí orin parí sí lẹ́bàá bébà àárín. Nọ́ńbà wẹ́wẹ́ kan wà tí wọ́n fín sára àwo níbẹ̀, òun ló máa ń jẹ́ ká mọ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n tún tẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ní Òkè-Ògùn, ọ̀tá mẹ́ta ló ń bá àwo jà: eruku ọyẹ́, ooru abẹ́ páànù ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, àti ikán tó ń jẹ páálí. Nítorí náà, a kì í to àwo léra wọn. Òòró la ń to wọn, lórí pákó tó ga kúrò nílẹ̀, níbi tí oòrùn kò ti lè rí wọn, torí àwo tí ooru bá ti mú wọ́ kì í sábà tọ́ mọ́. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ tó láti fi fọ̀ ọ́. Aṣọ rírọ̀ la ó fi máa tọ ipa ìlà rẹ̀ yípo, a kò sì ní jẹ́ kí omi kan bébà àárín. Ti àwo 78 yàtọ̀. Oje tí kòkòrò ń ṣe sára igi wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é, ẹni tó bá sì da sípíríìtì sí i ti yọ́ ohùn náà dànù nìyẹn.

Àwọn mìíràn á ní ìfẹ́ orin òkèèrè ló ń pa orin ilé. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé ibì kan: ẹni tó ní Coltrane nílé tí kò ní ìjálá kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àlàbí Ògúndépò ti Ṣakí, ọmọ Òkè-Ògùn tiwa, àti Ògúndáre Fọ́yánmu ti Ògbómọ̀ṣọ́ wà lórí àwo, ibi kan náà ló sì yẹ kí wọ́n bá Coltrane wà. Ẹ fi etí sí méjèèjì. Oníjàálá á mú oríkì tí gbogbo ènìyàn mọ̀, á fà á gùn, á ṣẹ́ ẹ, á ju ohun tó rí lójú agbo sí i, á yà sọ́tùn-ún, á yà sósì, á sì tún padà sórí oríkì náà láìṣìnà. Coltrane mú "My Favorite Things", orin eré orí ìtàgé tí ọmọdé Amẹ́ríkà mọ̀, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sí i fún ohun tó ju ìṣẹ́jú 13 lọ. Ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé Coltrane lórí ìrìn yẹn á padà gbọ́ oníjàálá ní àgbọ́yé ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Jáàsì kò gba àyè ìjálá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ń la etí wa sí i ni.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, òun ló sì le jù. Nígbà tí owó gàrí ń dun ará ìlú, ta ni yóò máa ra àwo? Àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì ń fi owó gidi wá àwo tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà nígbà àtijọ́. Bóyá kí a kúkú tà á? N kò ní dá ẹni tí ìyà ń jẹ lẹ́bi. Ẹni tó bá ní méjì lè ta ọ̀kan. Àmọ́ èyí tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nílùú, kó má tíì lọ. Bó bá sì di dandan kó lọ, ẹ kọ́kọ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn páálí rẹ̀, ẹ sì kọ gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sínú ìwé. Iṣẹ́ yìí kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó lówó. Inú àpótí tó wà lábẹ́ ibùsùn bàbá wa ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1922, àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin tó lé ní 40 sílẹ̀ ní London fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Òun ni bàbá tó bí bàbá Fela. Nítorí pé àwọn kan kò da àwo wọ̀nyẹn nù, ohùn bàbá àgbà kò parẹ́, a sì lè fi í sí ẹ̀gbẹ́ ti ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ará Kíṣí, Ìgbòho, Ṣakí àti Ìsẹ́yìn: bí ẹ bá ń palẹ̀ ilé àwọn òbí mọ́, ẹ má da àpótí àwo sórí ààtàn, ẹ má sì fún ọmọdé fi ṣeré. Ẹ nu eruku rẹ̀, ẹ to ó lóòró, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ fún àwo orin ní yàrá kan nínú ilé ìkàwé yín, kí ọmọ tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìlù wa rìn dé lè rí ẹ̀rí rẹ̀ fọwọ́ kàn.